Bọ́nà Ìléru Ń Pa, Ó Ń Sá Sẹ́yìn, Iná Ẹ̀ Ò Mú: Ibi Tí Ẹ Máa Wò Rèé

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gáàsì yọ́ alumíníọ̀mù tàbí idẹ lẹ́yìnkùlé, ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó lọ ra jẹ́ẹ̀tì tuntun (ìyẹn ẹnu oníhò kékeré tí gáàsì ń gbà jáde nínú bọ́nà). Ohun tí mo máa ń rí ni pé bọ́nà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ẹni tó ni ín á tú jẹ́ẹ̀tì, á pààrọ̀ régúlétọ̀, á ti bọ́nà wọnú díẹ̀ sí i, á tún fi kún gáàsì, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá wá dáa, kò mọ èwo nínú wọn ló tún un ṣe, tí ò bá sì dáa, wàhálà kan ti di mẹ́ta. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí padà, kẹ́ ẹ tan án, kẹ́ ẹ wò ó, kẹ́ ẹ tó yí òmíràn. Lójú tèmi sì rèé, ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń kà sí bọ́nà lọ́rùn, bọ́nà ò mọwọ́mẹsẹ̀, inú ìléru tàbí inú sìlíńdà ni ọ̀rọ̀ wà.

Bọ́nà tí mò ń sọ ni èyí tí ò ní bílówà, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i (màá dé ọ̀rọ̀ ti bílówà tó bá yá). Páìpù irin 3/4 ínǹṣì, ìdí ẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, jẹ́ẹ̀tì dúró láàárín ìdí yẹn, típù MIG tí àwọn wẹ́dà ń lò ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe jẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, ti 0.8 tàbí 0.9 mm, torí ó wà lọ́jà, ihò ẹ̀ sì gún régé. Gáàsì á fi eré jáde nínú ihò kékeré yẹn, á wọ́ afẹ́fẹ́ dání, àwọn méjèèjì á pò pọ̀ nínú páìpù kí wọ́n tó dé ẹnu ibi tí iná wà. Iná náà ò sì jókòó jẹ́ẹ́ síbẹ̀ o, ó ń gbìyànjú láti padà sínú páìpù níbi tí gáàsì ti ń bọ̀, bí ẹja tó ń wẹ̀ lòdì sí odò. Tí eré gáàsì pẹ̀lú afẹ́fẹ́ bá bá eré iná dọ́gba, iná á dúró lẹ́nu páìpù. Tí eré wọn bá ju ti iná lọ jìnnà, iná á fò kúrò lẹ́nu, á pa. Tó bá wá kéré sí ti iná, iná á borí, á wọnú páìpù. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, orí ìyẹn ló dá lé.

Kẹ́ ẹ tó wá ìṣòro kankan, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí gáàsì ti ń jò. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kó ki dáadáa, ẹ fi búrọ́ṣì pa á sí gbogbo jọ́ìntì láti orí sìlíńdà dé ìdí jẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí gáàsì láìtan iná, ibi tí ọṣẹ bá ti ń hó ló ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wò ó láéláé, kódà kó jẹ́ ìta. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, propane tó ìlọ́po kan ààbọ̀, butane tó ìlọ́po méjì, torí náà kì í fò lọ sókè tó bá jò, ilẹ̀ ló ń rọ́ lọ, ó ń wọ gọ́tà, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó sì lè kún inú ìléru fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ gbóòórùn ẹ̀ níbi tí ẹ dúró sí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé ìta gbangba ni iṣẹ́ yìí, kì í ṣe inú gáréèjì tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Iná tí afẹ́fẹ́ ò tó máa ń tú carbon monoxide jáde, ìyẹn ò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn.

Ó dáa, àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ẹ yọ bọ́nà kúrò nínú ìléru, ẹ dè é mọ́ fáìsì tàbí nǹkan tó wúwo tí ò lè ṣubú, ẹ tan án níta pẹ̀lú gáàsì díẹ̀. Tí iná ẹ̀ bá jẹ́ búlúù tó sì mú ṣánṣán níta, àmọ́ tó máa ń ṣe wàhálà nígbà tó bá wọnú ìléru, ẹ fi bọ́nà sílẹ̀, ìléru lẹ máa tọ́jú. Tó bá burú níta náà, á jẹ́ pé bọ́nà tàbí gáàsì ni. Kiní kan wà níbẹ̀ ṣá o: bọ́nà míì wà tí iná ẹ̀ máa ń fò lọ níta tí ẹ bá fi kún gáàsì, tó sì jẹ́ pé inú ìléru kò sí nǹkan tó ṣe é, torí ògiri gbígbóná ló ń bá a di iná mú. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Níta, gáàsì kékeré lẹ máa fi wò ó.

Ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iná tí ò lágbára, tó kàn ń rọ̀ wọ́rọ́wọ́rọ́. Ẹ wo régúlétọ̀ yín. Régúlétọ̀ ilé ìdáná, èyí tí wọ́n ń kì mọ́ orí sìlíńdà fún sítóòfù, nǹkan bíi 30 mbar (ìyẹn 0.03 báà) ló ń gbé jáde, ìyẹn ò lè fa afẹ́fẹ́ kankan wọnú páìpù 3/4 ínǹṣì. Ohun tí bọ́nà ìléru fẹ́ ni régúlétọ̀ tó ṣe é yí, tó ní géèjì, tó lè gbé láti nǹkan bíi 0.2 báà dé 1.5 báà, tàbí kẹ́ ẹ sọ pé 3 psi dé 22 psi. Àwọn kan máa ń yọ régúlétọ̀ dànù pátápátá, wọ́n á so họ́ọ̀sì mọ́ fáàfù sìlíńdà ní tààrà, wọ́n á máa fi ọwọ́ dín in kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí nǹkan tó ń dá prẹ́ṣọ̀ dúró mọ́, bí oòrùn bá ṣe ń mú sìlíńdà ni iná á ṣe máa pọ̀ sí i, họ́ọ̀sì ilé ìdáná ò sì lè gbà á. Ẹ ra họ́ọ̀sì tí wọ́n kọ prẹ́ṣọ̀ tó lè gbé sí lára.

Tí iná bá lágbára nígbà tí ẹ tan án, tó wá ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, sìlíńdà ni kẹ́ ẹ lọ fọwọ́ kàn. Ẹ máa bá a tó tutù ríníríní, tó ń làágùn, nígbà míì yìnyín á ti bò ó nísàlẹ̀. Omi ni gáàsì tó wà nínú sìlíńdà, ó ní láti hó di gáàsì kó tó lè jáde, ara sìlíńdà ló sì ti ń gba ooru tó fi ń ṣe é, tí bọ́nà bá ń fà á ju bí sìlíńdà ṣe lè gba ooru láti ìta, omi gáàsì yẹn á máa tutù, prẹ́ṣọ̀ á máa já. Ibi tó ti wá kan àwa tí à ń lo gáàsì ìdáná ní Nàìjíríà gan-an nìyí. Propane ń hó ní -42°C, butane ní nǹkan bíi -0.5°C. Ní ọ̀sán tó gbóná dé 30°C, sìlíńdà propane nìkan máa ń ní bíi báà 10 nínú, ti butane nìkan ò ju bíi báà 2 lọ. Tí gáàsì tí wọ́n wọ̀n fún yín bá wá jẹ́ èyí tí butane pọ̀ nínú ẹ̀, kò sí ohun púpọ̀ tí ẹ fi ju régúlétọ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó tún wá tutù sí 10°C lẹ́nu iṣẹ́, prẹ́ṣọ̀ tán nìyẹn, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́. Bákan náà, propane ló máa ń kọ́kọ́ jáde jù nínú àpòpọ̀, butane á máa ṣẹ́kù sísàlẹ̀, ìdí nìyí tí sìlíńdà tó ku ìdámẹ́rin fi máa ń ṣe bí ẹni pé ó ti tán nígbà tí ẹ ń yọ́ irin, tí ẹ bá sì gbé e lọ sídìí sítóòfù á ṣì dáná fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tó ta gáàsì fún yín ò jí nǹkankan níbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i ni kẹ́ ẹ lo sìlíńdà tó tóbi, 12.5 kg dáa ju 6 kg lọ fíìfíì, tàbí kẹ́ ẹ so méjì pọ̀ kí wọ́n jọ máa gbé e. Ẹ sì lè gbé sìlíńdà sínú bàsíà omi lásán, omi tí oòrùn ti mú díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé e sún mọ́ ìléru, ẹ má da omi gbígbóná lé e, ẹ má sì dùbúlẹ̀ ẹ̀, torí tó bá dùbúlẹ̀ omi gáàsì fúnra ẹ̀ ló máa wọ họ́ọ̀sì, iná tó máa jáde lẹ́nu bọ́nà nígbà yẹn kì í ṣe iná tẹ́ ẹ fẹ́ rí.

Iná tó pupa, tó ń rọ̀, tó ń kun ìkòkò dúdú: gáàsì pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Lítà propane kan fẹ́ nǹkan bíi lítà afẹ́fẹ́ 24 kó tó lè jó tán, butane fẹ́ tó 31, ẹ rí i pé kì í ṣe afẹ́fẹ́ kékeré. Ẹ wo ìdí páìpù kọ́kọ́. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn páìpù bọ́nà bí ẹ bá fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, aláǹtakùn náà ń ta sínú ẹ̀, ẹ fi wáyà gígùn tàbí aṣọ tí ẹ so mọ́ igi gbọn inú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo jẹ́ẹ̀tì láti iwájú páìpù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn, kó sì dojú kọ ẹnu páìpù gbọọrọ. Jẹ́ẹ̀tì tó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á máa tu gáàsì sára ògiri páìpù, afẹ́fẹ́ tó máa fà ò ní tó nǹkan, iná á wá búlúù lápá kan, á pupa lápá kejì. Tí ẹ bá rí iná tó pín sí méjì báyìí, ẹ má wá nǹkan míì, jẹ́ẹ̀tì ló wọ́. Ẹ ṣàyẹ̀wò ẹ̀ láìtan iná: ẹ fi omi tó ń sáré kọjá nínú họ́ọ̀sì tó mọ́, kì í ṣe họ́ọ̀sì gáàsì o, sí jẹ́ẹ̀tì, ibi tí omi bá ti bà lẹ́nu páìpù ni gáàsì náà ń lọ. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ó gbẹ dáadáa lẹ́yìn ìyẹn.

Jẹ́ẹ̀tì tó dí kì í dí pátápátá, ó kàn máa ń jẹ́ kí iná kéré kó sì máa gbọ̀n. Ohun tó ń dí i lọ́pọ̀ ìgbà ni òróró dúdú kan tó ń ti ara họ́ọ̀sì rọ́bà jáde wá. Ẹ tú u, ẹ rẹ ẹ́ sínú tínà, ẹ fi wáyà bàbà tó tín-ínrín ju ihò ẹ̀ lọ gún un. Abẹ́rẹ́ irin ò dáa, ó máa fẹ ihò ẹ̀ tàbí kó ha inú ẹ̀, gáàsì á sì máa jáde gbágùngbágùn. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, téèpù tí wọ́n ṣe fún gáàsì ni kẹ́ ẹ lò, kó má sì dé òpin ibi yíyí (thread) tó wà níwájú, torí ègé téèpù tó bá já ló máa dí ihò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú kàn: bọ́nà tó ń mí èéfín ara ẹ̀. Tí ihò tí iná ń gbà jáde lórí ìléru bá dojú kọ ibi tí ìdí bọ́nà wà, tàbí tí atẹ́gùn ń gbá a lọ síbẹ̀, afẹ́fẹ́ tí bọ́nà ń fà wọlé ò ní ọ́síjìn tó mọ́, iná á pupa láìjẹ́ pé nǹkankan ṣe jẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi páànù kékeré kan dá a lẹ́kun, tàbí kẹ́ ẹ yí ìléru padà sí ibi tí atẹ́gùn á ti máa gbé èéfín kúrò. Ẹ má sì dààmú lórí àwọ̀ ọsàn tí ẹ máa rí nínú ìléru tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ símẹ́ǹtì sí, ara símẹ́ǹtì àti eruku ló ti ń wá. Iná tí gáàsì pọ̀ jù nínú ẹ̀ máa ń rọ̀ ni, ó ń fẹ̀, ó ń jó wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èyí tó le, tó ń hó, tí àwọ̀ ọsàn kàn là á kọjá, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Iná tó ń wọnú páìpù ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà dáadáa, torí òun ló léwu jù. Ẹ máa gbọ́ ọ kẹ́ ẹ tó rí i: ìró bọ́nà á yí padà lójijì, láti híhó tó dọ́gba sí igbe fíìfíì tàbí pó-pó-pó, iná á kúrò lẹ́nu, ìdí páìpù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ pa gáàsì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró wò ó bóyá á tún ara ẹ̀ ṣe, inú páìpù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ẹ̀tì, ló ti ń jó, ó sì lè yọ́ jẹ́ẹ̀tì tàbí kó jo họ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó tún un tan.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá dín gáàsì kù ló máa ń ṣe é, ẹ ti dín in kù ju ibi tí bọ́nà yín lè gbé lọ, ẹ fi àmì sí géèjì, ẹ má sọ̀kalẹ̀ kọjá ibẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ pé ó ń jó dáadáa fún ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣe é, páìpù ló ti gbóná, gáàsì tó wà nínú ẹ̀ ti gbóná pẹ̀lú ẹ̀, iná sì máa ń sáré sí i nínú gáàsì gbígbóná. Ẹ wo bí ẹnu páìpù ṣe wọ ìléru tó: kò gbọdọ̀ yọ orí sínú yàrá iná, ẹ fà á sẹ́yìn kó wà nínú ògiri, bíi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì sẹ́yìn ojú inú ògiri. Ẹ sì dí àlàfo tó yí páìpù ká lára ògiri, torí ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde wá bá páìpù lẹ́yìn. Tí páìpù yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi síńkì pa lára, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, síńkì gbígbóná ń tú èéfín funfun tó ń mú èèyàn ṣàìsàn.

Tó bá wá jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń ṣe é nínú ìléru, tó sì dáa níta, ìléru ò rí ibi mí. Ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ rí ibi jáde. Tí ihò orí ọmọrí bá kéré jù, tàbí ìkòkò ìyọ́rin tí ẹ gbé síbẹ̀ ga débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ihò yẹn, inú á ti afẹ́fẹ́ padà, eré gáàsì á dín kù nínú páìpù, iná á borí ẹ̀. Ẹ gbé ọmọrí sókè díẹ̀ pẹ̀lú irin gígùn nígbà tó ń jó. Tí iná bá tún ara ẹ̀ ṣe lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn yín, ẹ fẹ ihò náà sí i, 8 dé 10 sẹ̀ǹtímítà máa ń tó fún ìléru kékeré tó ń lo bọ́nà 3/4 ínǹṣì kan. Àlàfo tó wà láàárín ìkòkò àti ògiri náà ṣe pàtàkì, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta yíká. Bọ́nà ò sì gbọdọ̀ dojú kọ ìkòkò gbọọrọ, ẹ̀gbẹ́ ni kó máa gbà kí iná lè yí ìkòkò po, tó bá ń sọ lu ìkòkò, iná á ta padà, ibi kan lára ìkòkò á sì máa jẹ kíákíá.

Ìró pó kan ṣoṣo nígbà tí ẹ bá ń pa gáàsì ò burú, eré gáàsì ló já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pa á wàrà, ẹ má dín in kù díẹ̀díẹ̀ dé òdo. Bọ́nà tó bá wà lókè tó kọjú sílẹ̀, ẹ yọ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ dí ìdí ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, ooru ìléru á máa gba inú páìpù yọ bíi wákàtí kan, ìyẹn lè ba jẹ́ẹ̀tì àti họ́ọ̀sì jẹ́ nígbà tí ẹ ti wọlé lọ jẹun.

Iná tó ń fò kúrò lẹ́nu tó sì ń pa, òdìkejì ẹ̀ nìyẹn. Ẹ dín gáàsì kù, ẹ pa ìdí afẹ́fẹ́ dé díẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìléru gbóná kẹ́ ẹ tó fi kún un. Ẹnu páìpù tó fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ síwájú, tàbí páìpù tó fẹ̀ díẹ̀ tí ẹ kì bọ ẹnu ẹ̀, máa ń jẹ́ kí eré gáàsì rọ̀ níbẹ̀ kí iná lè rí ibi dúró. Tó bá pa nínú ìléru, ẹ pa gáàsì, ẹ ṣí ọmọrí, ẹ jẹ́ kí gáàsì tó ti kó síbẹ̀ fẹ́ lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ tó tún un tan, iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ ṣí gáàsì, kẹ́ ẹ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe òkè ihò.

Nígbà tí bọ́nà bá ti dáa, ẹ jẹ́ kí irin tí ẹ ń yọ́ sọ bí iná ṣe máa rí. Alumíníọ̀mù ń yọ́ ní 660°C, bàbà ní 1085°C, idẹ wà láàárín wọn, ní nǹkan bíi 900 sí 940°C. Fún alumíníọ̀mù, iná tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ pọ̀ ju gáàsì lọ díẹ̀ bíńtín ló dáa, torí iná tí gáàsì pọ̀ nínú ẹ̀ ń fún irin yẹn ní háídírójìn mu, ihò wẹ́wẹ́ á wá kún inú ohun tí ẹ dà nígbà tó bá gbẹ. Àmọ́ tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, ìdàrọ́ á pọ̀ lórí ẹ̀. Ti idẹ, síńkì inú ẹ̀ á máa jó lọ bí èéfín funfun tó bá gbóná jù, tí ẹ bá ti rí i, ó ti yẹ kẹ́ ẹ dà á.

Ó ku ti bílówà. Àwọn tó ń lò ó kì í ní wàhálà jẹ́ẹ̀tì, gáàsì kékeré ni wọ́n ń fi kún afẹ́fẹ́ tí bílówà ń tì, wọ́n á kàn máa yí fáàfù méjèèjì títí iná á fi dáa. Fáànù kọ̀ǹpútà ò ní agbára tó, bílówà tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń lò dípò ẹwìrì ló dáa. Wàhálà tiwọn ni pé tí wọ́n bá mú iná ọba lọ, bílówà á dúró, gáàsì ò ní dúró, iná ńlá pupa á yọ jáde, gáàsì tó kù á sì máa padà sínú bílówà lọ́hùn-ún títí iná fi máa tẹ̀lé e dé ibẹ̀. Ní ìlú tí iná ọba ti ń lọ nígbà tó bá wù ú, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni lo bílówà láìní fáàfù solenoid lójú ọ̀nà gáàsì, èyí tó máa ń tì fúnra ẹ̀ tí iná ọba ò bá sí. Orí wáyà kan náà pẹ̀lú bílówà ni kẹ́ ẹ so ó mọ́. Kó sì jẹ́ pé tí iná ọba bá padà dé, kò ní ṣí fúnra ẹ̀, bọ́tìnnì lẹ máa tẹ̀ kó tó ṣí, torí iná ìléru á ti kú nígbà yẹn, gáàsì á sì wọ inú ìléru gbígbóná láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Relay kan (swíìṣì tí iná mànàmáná ń ṣí tó sì ń tì) pẹ̀lú bọ́tìnnì kan ló máa ṣe é, oníṣẹ́ iná mànàmáná àdúgbò yín mọ̀ ọ́n so.